Hoxne ní Suffolk: wúrà inú oko, ọba abẹ́ afárá àti òkúta inú kòtò amọ̀

Àbẹ̀kẹ́

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ipswich ni mo ń gbé, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà nínú ilé wọn ni mo sì ń ṣe. Láti oṣù mélòó kan ni wọ́n ti ń rán mi lọ sí abúlé kan tí ń jẹ́ Hoxne, ní apá àríwá Suffolk, nítòsí odò Waveney tó pààlà láàárín Suffolk àti Norfolk. Bí wọ́n ṣe kọ orúkọ abúlé náà kọ́ ni wọ́n ṣe ń pè é. "Họ́kísìn" ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ará ibẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní ààyè díẹ̀ kí ọkọ̀ mi tó dé, mo wá rìn gba ẹ̀gbẹ́ oko kan lọ. Mo rí òpó òkúta kan tí àgbélébùú wà lórí rẹ̀, tó dá dúró láàárín pápá, tí kò sí ilé, tí kò sí sàréè kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ Edmund Ajẹ́rìíkú sí i lára, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ nípa igi óákù kan tó wó ní ọdún 1848. Nígbà tí mo padà, mo bi bàbá tí mo ń tọ́jú léèrè, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni bàbá sì dà sí mi létí lẹ́ẹ̀kan náà: pé ọba kan fara pa mọ́ sábẹ́ afárá abúlé náà kí àwọn ọ̀tá tó mú un, pé ọkùnrin kan ń wá òòlù nínú oko ní 1992, ó sì kan àpótí wúrà, àti pé àwọn òkúta kan jáde nínú kòtò tí wọ́n ti ń gbẹ́ amọ̀ bíríkì, tó ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó máa jẹ́ ọba lórí ilẹ̀ ayé.

Mo fẹ́ràn bàbá náà, mi ò sì fẹ́ pè é ní onírọ́. Ṣùgbọ́n abúlé kékeré báyìí, báwo ni gbogbo èyí ṣe wá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀? Èwo ni ẹ̀rí wà fún, èwo ni ìtàn lásán? Ẹni tó bá mọ̀ nípa rẹ̀, kó jọ̀ọ́ là mí lọ́yẹ̀.

Ọmọ Awalẹ̀

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìrìn. Ẹ̀kọ́ ìwalẹ̀pìtàn ni mo kọ́ ní yunifásítì, mo sì ti dúró níwájú àpótí gíláàsì tí àwọn ohun tí bàbá wí yìí wà nínú rẹ̀ ní British Museum ní London ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ wúrà, kí àwọn tó mọ̀ jù mí lọ bá wa mú ìyókù.

Òótọ́ pọ́nńbélé ni ọ̀rọ̀ òòlù. Ní ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún 1992, àgbẹ̀ kan tó ń dáko ní Hoxne pàdánù òòlù rẹ̀ sínú oko, ó wá bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Eric Lawes, pé kó bá òun wá a. Lawes ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀bùn ìfẹ̀yìntì rẹ̀ sì ni ẹ̀rọ tí a fi ń wá irin nínú ilẹ̀ tó gbé lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ẹ̀rọ dún, tó sì walẹ̀, ṣíbí fàdákà ló rí, àti ohun ọ̀ṣọ́ wúrà, àti owó ẹyọ tí kò lóǹkà. Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ kí gbogbo wa fi ọkàn sí. Lawes kò gbẹ́ ẹ tán. Ó dáwọ́ dúró nígbà tó rí i pé ọ̀rọ̀ náà ju òun lọ, òun àti àgbẹ̀ náà fi tó àwọn ọlọ́pàá àti àwọn tó ni ilẹ̀ létí, nígbà tó sì di ọjọ́ kejì, àwọn awalẹ̀pìtàn Suffolk ti wà nínú oko. Ní bòókẹ́lẹ́ ni wọ́n hú ẹrù náà, láàárín ọjọ́ kan, kí ìròyìn tó tàn dé etí àwọn olè.

Wọ́n rí òòlù náà pẹ̀lú. Ó wà ní British Museum lónìí.

Owó ẹyọ tó wà nínú ẹrù náà sún mọ́ 15,000. Díẹ̀ ju 560 nínú wọn jẹ́ wúrà, fàdákà ni èyí tó pọ̀ jù, idẹ sì ni ìwọ̀nba tó kù. Yàtọ̀ sí owó, nǹkan bí 200 ni àwọn ohun èlò fàdákà àti ohun ọ̀ṣọ́ wúrà: ẹgba ọwọ́ wúrà 19, ṣíbí 78, ẹ̀wọ̀n wúrà kan tí obìnrin ń gbé kọ́ èjìká méjèèjì tó sì pàdé láyà àti lẹ́yìn, àti abo ẹkùn fàdákà kan tí wọ́n fi dúdú ya ìlà sí lára. Ọwọ́ ìkòkò ńlá kan ni abo ẹkùn yẹn, ẹnì kan sì ti yọ ọ́ kúrò lára ìkòkò náà kí wọ́n tó rì í mọ́lẹ̀, nítorí kò sí ìkòkò náà nínú ẹrù.

Nítorí pé Lawes kò da ilẹ̀ náà rú, àwọn awalẹ̀pìtàn lè gbé apá kan ẹrù náà pẹ̀lú ilẹ̀ tó yí i ká, kí wọ́n máa tú u jẹ́jẹ́ nínú yàrá ìwádìí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé àpótí igi óákù kan ni gbogbo rẹ̀ wà, tó gùn tó 60 sẹ̀ǹtímítà, tó fẹ̀ tó 45, tó sì ga tó 30. Igi ti jẹrà, ṣùgbọ́n ipò tí àwọn ohun inú rẹ̀ wà fi ìrísí rẹ̀ hàn. Wọ́n rí i pé àwọn àpótí kékeré wà nínú èyí tó tóbi, tí àgádágodo fàdákà kéékèèké sì wà lára wọn, àti pé ẹni tó di ẹrù náà fi koríko gbígbẹ há àárín àwọn abọ́ fàdákà kí wọ́n má baà ha ara wọn. Mo máa ń ronú sí koríko yẹn gan-an. Ẹni tí ogun ń lé kò ní ráyè fi koríko há abọ́. Ẹni tó fẹ́ padà wá kó o ló di ẹrù yìí.

Ní ti bí wọ́n ṣe mọ ìgbà tí wọ́n rì í, àwọn owó ẹyọ náà ló sọ ọ́. Olú ọba Róòmù tó jọba nígbà tí wọ́n rọ owó kan ni orúkọ àti ojú rẹ̀ ń wà lára rẹ̀, èyí tó sì kéré jù lọ́jọ́ orí nínú ẹrù Hoxne jẹ́ ti Constantine Kẹta, ní ọdún 407 sí 408. Kò sí bí wọ́n ṣe lè rì í ṣáájú ìgbà yẹn. Bákan náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo owó fàdákà náà ni wọ́n ti gé etí rẹ̀. Ìjọba Róòmù ò rí owó tuntun kó wá sí Bìrìtéènì mọ́, àwọn èèyàn wá ń gé fàdákà díẹ̀díẹ̀ lára èyí tó wà lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣọ́ra kí wọ́n má gé ojú olú ọba. Ní nǹkan bí ọdún 410, ìṣàkóso Róòmù lórí erékùṣù náà ti dópin. Àárín ìdàrúdàpọ̀ yẹn, tàbí lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀, ni ẹrù yìí wọlẹ̀.

Orúkọ wà nínú ẹrù náà. Wọ́n kọ Aurelius Ursicinus sára àwọn ṣíbí kan, àdúrà ayọ̀ fún obìnrin kan tí ń jẹ́ Juliane sì wà lára ẹgba ọwọ́ wúrà kan, níbi tí wọ́n ti gé àwọn lẹ́tà náà jáde nínú wúrà fúnra rẹ̀ bí ẹni gé aṣọ lẹ́ẹ̀sì. Kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé àwọn méjèèjì yìí ló ni ẹrù, nítorí ohun àjogúnbá àti ohun tí a fi tọrẹ lè wà nínú àpótí ẹnikẹ́ni. Orúkọ wọn náà ni a mọ̀.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ìgò ata fàdákà kan tí wọ́n ṣe ní ìrísí obìnrin ọlọ́lá, tó ga tó nǹkan bí 10 sẹ̀ǹtímítà. Wọ́n dirun rẹ̀ sókè, wọ́n fi wúrà kun ibi tó yẹ, ìwé kíká sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni àwo kékeré kan wà tó ń yí: tí ẹ bá yí i síhìn-ín, ó ṣí kí ẹ lè rọ ata sí i, tí ẹ bá yí i sọ́hùn-ún, ihò wẹ́wẹ́ ló kù láti gbọn ata jáde, tí ẹ bá tún yí i, ó pa dé. Láti Íńdíà ni ata dúdú náà ti ń wá nígbà yẹn, gba orí òkun àti Íjíbítì, dé Suffolk. Ìbátan iyèré tiwa ni, láti ìdílé igi kan náà, ẹ̀yin tí ẹ sì ti gún iyèré rí yóò mọ ìdí tí ọlọ́rọ̀ fi lè rọ fàdákà fún un.

Tíṣà Ìtàn

Ọmọ Awalẹ̀, o ṣeun púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí èmi náà mú ti ọba Edmund, nítorí ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi ìtàn rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ iléèwé nílùú yìí.

Edmund jẹ́ ọba East Anglia, ìyẹn ilẹ̀ tó di Norfolk àti Suffolk lónìí. Ní ọdún 869, àwọn ọmọ ogun Vikings láti Denmark ṣẹ́gun rẹ̀, wọ́n sì pa á. Ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá ni ìjọ Kristi ń ṣe ìrántí rẹ̀. Òpó tí Àǹtí Àbẹ̀kẹ́ rí sọ pé 870, nítorí pé bí àwọn akọ̀wé ìgbà àtijọ́ ṣe ń ka ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yàtọ̀ sí tiwa. Dé ibi yìí, ẹ̀rí wà. Ìwé ìtàn ọdọọdún tí àwọn ará England ń kọ nígbà náà mẹ́nu kan ikú rẹ̀, àmọ́ ní gbólóhùn kúkurú ni. Ó tó ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn ikú náà kí mọ́ńkì kan láti ilẹ̀ Faransé, Abbo ti Fleury, tó kọ ọ́ pé wọ́n so ọba mọ́ igi, wọ́n ta á lọ́fà títí ara rẹ̀ fi kún bí ti òòrẹ̀, wọ́n bẹ́ ẹ lórí, ìkookò kan sì ṣọ́ orí náà títí àwọn èèyàn rẹ̀ fi rí i.

Ibi tó ti ṣẹlẹ̀ ni àríyànjiyàn wà lé lórí. Haegelisdun ni Abbo pe ibẹ̀, kò sì sí abúlé tó ń jẹ́ orúkọ yẹn lónìí. Àwọn kan gbà pé Hellesdon lẹ́gbẹ̀ẹ́ Norwich ni. Àwọn mìíràn tọ́ka sí Bradfield St Clare, tí kò jìnnà sí Bury St Edmunds, nítorí pé pápá kan wà níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ jọ ti Abbo. Hoxne ní ohun tirẹ̀ láti wí. Ìwé kan tí Bíṣọ́ọ̀bù Herbert de Losinga fọwọ́ sí ní 1101 mẹ́nu kan ilé ìsìn kan ní Hoxne, níbi tí wọ́n ti pa Edmund Mímọ́, àwọn mọ́ńkì Benedict sì wá ní ilé ìsìn níbẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà. Nítorí náà, ẹ má pe bàbá ní onírọ́: ó ti lé ní 900 ọdún tí wọ́n ti ń sọ bẹ́ẹ̀ ní abúlé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún 869 sí 1101 jẹ́ 232 ọdún, ohun púpọ̀ ló sì lè wọ inú ìtàn láàárín ìgbà bẹ́ẹ̀, pàápàá nígbà tí bíṣọ́ọ̀bù ní ilé àti ilẹ̀ ní Hoxne, tí ibi mímọ́ sì lè mú àwọn arìnrìn-àjò ìsìn wá.

Ní ti afárá Goldbrook, ìtàn náà ni pé Edmund fara pa mọ́ sábẹ́ rẹ̀, tọkọtìyàwó tó ń ti ibi ìgbéyàwó bọ̀ sì rí kẹ́sẹ́ wúrà rẹ̀, irin tí ẹlẹ́ṣin ń so mọ́ gìgísẹ̀, tó ń dán nínú omi. Wọ́n tú u fó. Ọba wá fi gbogbo tọkọtìyàwó tó bá gba orí afárá náà lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn bú. Kò sí nínú ìwé Abbo rárá. Ìtàn tó dùn ni, mo sì máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ, àmọ́ mo máa ń sọ ibi tí ẹ̀rí parí sí fún wọn kí n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Igi óákù yẹn náà gba àlàyé. Nígbà tó wó ní oṣù kẹjọ 1848, àwọn tó là á rí irin ṣóńṣó kan nínú ìtì rẹ̀, wọ́n sì gbà pé ẹnu ọfà àwọn ará Denmark ni. Ó ṣeé ṣe kí irin wà nínú igi fún ìdí púpọ̀, kò sì sí ẹnikẹ́ni lónìí tó lè padà lọ wo bí irin náà ṣe dúró nínú igi yẹn kí wọ́n tó là á.

Àbẹ̀kẹ́

Ẹ̀yin méjèèjì, Ọlọ́run yóò bù kún un yín. Mo ti ka ọ̀rọ̀ yín fún bàbá, mo ń túmọ̀ bí mo ṣe ń kà á. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tí mo dé ibi ọdún 1101.

Ìbéèrè méjì ló kù. Èkíní, Ọmọ Awalẹ̀, wúrà yẹn, ta ló ni ín nígbẹ̀yìn? Ṣé ìjọba kàn gbà á lọ́wọ́ Lawes ni? Tó bá sì jẹ́ pé ó dá gbẹ́ gbogbo rẹ̀ jáde kó tó pè wọ́n, ṣebí wúrà náà ni wúrà yóò ṣì jẹ́. Kí ni à bá pàdánù?

Èkejì: mo mú ọmọ mi dání lọ sí Hoxne ní ọjọ́ Sátidé, ó sì mú òkúta kan bọ̀ láti etí pápá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túlẹ̀ rẹ̀. Ó dúdú, ó ń dán bíi gíláàsì, etí rẹ̀ kan sì mú débi pé ó gé e lọ́wọ́ díẹ̀. Ó ti dá a lójú pé òun rí ọ̀kan nínú àwọn òkúta inú kòtò amọ̀. Kí ni kí n sọ fún un?

Olókùúta

Ẹ kú àárọ̀ o. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti àná, mo ń retí kí a dé orí òkúta. Iṣẹ́ mi dá lórí òkúta àti ilẹ̀, mo sì gbà pé èyí tó ṣẹlẹ̀ nínú kòtò amọ̀ Hoxne tóbi ju wúrà lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó san kọ́bọ̀ lé e lórí.

Ní ọdún 1797, ọ̀gbẹ́ni kan tí ń jẹ́ John Frere kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ohun àtijọ́ ní London, Society of Antiquaries. Ó fi àwọn òkúta ìbọn (flint) mélòó kan ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, èyí tí ẹnì kan ti gbẹ́ ní ojú méjèèjì títí ó fi ní ìrísí ẹ̀kán omijé, ṣóńṣó lókè, tó sì kún ọwọ́ nísàlẹ̀. Àáké ọwọ́ ni à ń pè é. Láti inú kòtò tí wọ́n ti ń gbẹ́ amọ̀ bíríkì ní Hoxne ló ti rí wọn, ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 12 nísàlẹ̀.

Frere kò dúró sórí òkúta nìkan, ó ka ilẹ̀. Ó kọ ọ́ pé ilẹ̀ dúdú wà lókè, ẹsẹ̀ bàtà kan àtààbọ̀. Amọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà méje àtààbọ̀. Iyanrìn tó ní ìkarahun nínú tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ bàtà kan. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ olókùúta wẹ́wẹ́, ẹsẹ̀ bàtà méjì, ibẹ̀ sì ni àwọn àáké náà wà. Nínú iyanrìn tó wà lókè wọn, wọ́n ti rí egungun ẹranko títóbi, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ egungun párì ràbàtà tí eyín ṣì wà nínú rẹ̀. Èrò tó fà yọ rọrùn, ó sì lágbára: ohun tó wà nísàlẹ̀ ti wà níbẹ̀ kí èyí tó wà lókè tó dé. Tí iyanrìn bá dé lẹ́yìn àwọn àáké, tí amọ̀ tó nípọn tó bẹ́ẹ̀ sì dé lẹ́yìn iyanrìn, àwọn tó gbẹ́ àáké yìí, tí wọn kò tíì mọ irin lò, ti gbé ayé ní ìgbà tó jìnnà réré. Ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an, pé ìgbà náà jìnnà kọjá ayé tí a wà nínú rẹ̀ yìí. Ẹ rántí pé nígbà tí ó ń kọ ọ́, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ló gbà pé ayé kò ju nǹkan bí 6,000 ọdún lọ.

Àwọn ẹgbẹ́ náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n tẹ lẹ́tà náà jáde ní 1800, wọ́n sì kó àwọn òkúta pa mọ́. Kò sí ẹni tó tún sọ nǹkan kan mọ́ fún nǹkan bí 60 ọdún. Ní 1859 ni àwọn onímọ̀ ọmọ England méjì, John Evans àti Joseph Prestwich, ti ilẹ̀ Faransé dé, níbi tí wọ́n ti lọ wo irú àáké kan náà ní àfonífojì odò Somme. Evans wá rí ti Frere nínú àpótí ẹgbẹ́ náà, ó sì yà á lẹ́nu pé wọ́n ti ní ẹ̀rí náà lọ́wọ́ láti ọjọ́ yìí wá. Ọdún yẹn ni àwọn onímọ̀ wá gbà pé ọmọ ènìyàn ti pẹ́ láyé ju bí wọ́n ṣe rò lọ.

Nǹkan bí 400,000 ọdún ni a fún àwọn àáké Hoxne lónìí. Wọ́n wà láti ìgbà ooru kan láàárín ìgbà yìnyín méjì, orúkọ abúlé yìí ni àwọn onímọ̀ Bìrìtéènì sì fi ń pe ìgbà náà: Hoxnian. Adágún omi ló wà níbẹ̀ nígbà náà. Amọ̀ tí wọ́n fi ń mọ bíríkì jẹ́ ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún àti ohun tí omi gbé wá lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí University of Chicago tún ibẹ̀ walẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wo etí àwọn òkúta, wọ́n sì rí àmì ẹran, awọ àti igi lára wọn. Ẹran ni wọ́n fi ń kun, létí omi.

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ gbọ́ eléyìí, nítorí ó dáhùn ìbéèrè yín àkọ́kọ́ dé ìwọ̀n kan. Frere kọ ọ́ pé ọkùnrin tó ń bójú tó iṣẹ́ bíríkì náà sọ fún òun pé kí òun tó mọ̀ pé àwọn òkúta yìí ní láárí, òun ti da agbọ̀n-agbọ̀n wọn sínú kòtò tí àgbá kẹ̀kẹ́ ti gbẹ́ sójú ọ̀nà. Àáké tó pé 400,000 ọdún ni wọ́n fi dí kòtò ojú ọ̀nà! Mi ò bá a wí. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe, kò sì sí ẹni tó sọ fún un. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tilẹ̀ hú ọ̀kan nínú àwọn àáké yẹn lójú ọ̀nà lónìí, àáké ni yóò jẹ́, kò ní lè sọ fún yín mọ́ pé lábẹ́ egungun ẹranko ńlá ni òun ti wá. Ìwọ̀nba tí ó kù ní ipò rẹ̀ nígbà tí Frere dé ló yí ìtàn padà.

Ọ̀nà tiwa nínú rẹ̀ kò jìnnà. Mary Leakey, awalẹ̀pìtàn tó lo ọ̀pọ̀ ọdún ní Olduvai ní Tanzania, níbi tí àáké ọwọ́ ti dàgbà ju ti Hoxne lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, jẹ́ ọmọ-ọmọ ìdílé John Frere láti ìhà ìyá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ará Yúróòpù ìgbà kan máa ń pe àáké òkúta tí wọ́n bá hú nínú oko ní òkúta àrá, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ṣe ń pè é ní ẹdùn àrá, tí wọ́n sì ń gbé e fún Ṣàngó.

Ní ti òkúta ọmọ yín: òkúta ìbọn pọ̀ ní Suffolk bí yangí ṣe pọ̀ lọ́dọ̀ wa, èyí tó pọ̀ jù lára rẹ̀ ni òtútù tàbí irin ìtúlẹ̀ sì fọ́, kì í ṣe ènìyàn. Ẹ wo ojú tó tẹ́jú jù lára rẹ̀. Tí ẹnì kan bá mọ̀ọ́mọ̀ fi òkúta mìíràn lù ú, ẹ óò rí kókó kan tó yọ díẹ̀ nítòsí etí, níbi tí ìlù náà ti bà á, àti ìlà tó ń fẹ̀ láti ibẹ̀ lọ bí ìgbà tí a ju òkúta sómi. Tí kókó yẹn bá wà, tí ọ̀pọ̀ ojú ìgé sì tò tẹ̀ lé ara wọn létí kan, ó yẹ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n wò ó. Ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ ti 400,000 ọdún. Àwọn àgbẹ̀ àkọ́kọ́ ní Bìrìtéènì náà gbẹ́ òkúta ìbọn, wọn kò sì tíì tó 6,500 ọdún sẹ́yìn.

Ọmọ Awalẹ̀

Ẹ̀gbọ́n Olókùúta, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ ti bá mi dáhùn ìdajì.

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ìjọba kò gbà á lásán. Lábẹ́ òfin àtijọ́, wúrà tàbí fàdákà tí ẹnì kan rì mọ́lẹ̀ pẹ̀lú èrò àtipadà wá kó o, tí a kò sì mọ olówó rẹ̀ mọ́, ti ọba England ni, àmọ́ wọ́n ń san ẹ̀san fún ẹni tó rí i tó sì sọ òótọ́. Ní 1993, wọ́n díye lé ẹrù Hoxne, wọ́n sì san 1,750,000 pọ́n-ùn fún Lawes. Òfin kò fi dandan lé e pé kó fún àgbẹ̀ náà ní nǹkan kan. Ó pín in pẹ̀lú rẹ̀. Òfin tuntun tí wọ́n ṣe ní 1996 gba ọ̀nà mìíràn: ẹni tó rí ohun wúrà tàbí fàdákà tó ti lé ní 300 ọdún gbọ́dọ̀ fi tó ìjọba létí láàárín ọjọ́ 14, wọ́n sì sábà máa ń pín ẹ̀san láàárín ẹni tó rí i àti ẹni tó ni ilẹ̀.

Ohun tí à bá pàdánù? Ẹ má wo ọ̀nà jíjìn. Ní ọdún 1781, àwọn òṣìṣẹ́ kan hú àpótí òjé kan létí odò ní Eye, tí kò ju nǹkan bí máìlì méjì sí Hoxne, owó wúrà Róòmù bí 600 sì wà nínú rẹ̀, láti nǹkan bí ìgbà kan náà pẹ̀lú tiwa yìí. Wọ́n tà á, wọ́n pín in, ó fọ́n ká. Lónìí, kò sẹ́ni tó lè tọ́ka sí ọ̀kan nínú wọn kó sì fi dánilójú sọ pé ti Eye ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè wà nínú àpótí àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ káàkiri ayé. Wúrà ṣì jẹ́ wúrà, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe sọ. Ṣùgbọ́n bóyá olówó kan náà ló ni ẹrù méjèèjì, tó pín in sí méjì kó má baà pàdánù gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, a kò ní ọ̀nà láti mọ̀ ọ́n mọ́. Ibi tí ìbànújẹ́ mi wà nìyẹn. Wọ́n tún yẹ oko Hoxne wò ní 1993, wọ́n sì tún walẹ̀ níbẹ̀ ní 1994 nítorí pé àwọn kan ń fi ẹ̀rọ wá irin níbẹ̀ láìgba àṣẹ.

Ní ti òkúta ọmọ: òfin kò mú un, nítorí kì í ṣe wúrà tàbí fàdákà, àmọ́ ẹni tó ni pápá ló ni òkúta, ó sì yẹ kí ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, òṣìṣẹ́ kan wà ní agbègbè Suffolk, lábẹ́ ètò tí wọ́n ń pè ní Portable Antiquities Scheme, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wo irú ohun bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ kó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, nítorí àmì etí tí Ẹ̀gbọ́n Olókùúta sọ lè bà jẹ́. Ẹ kọ ọjọ́ tó rí i sílẹ̀, kí ẹ sì fi àmì sí ibi gan-an tó ti mú un lórí àwòrán ilẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni. Kókó kan wà lára rẹ̀ lóòótọ́, nítòsí etí tó gé e lọ́wọ́, ìlà sì ń fẹ̀ láti ibẹ̀ lọ bí ẹ ṣe wí. Ojú ìgé mẹ́rin ni mo kà. Mo fi ìwé rírọ̀ wé e, mo gbé e sínú páálí bàtà ọmọ náà.

Bàbá mọ ẹni tó ni pápá yẹn. Fóònù ló kàn gbé, ọkùnrin náà sì ní kò burú. Àwòrán ilẹ̀ abúlé ńlá kan wà lára ògiri ilé bàbá, a sì dúró níwájú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ọmọ mi ń tọ ipa ọ̀nà tí a gbà pẹ̀lú ìka: a kọjá ilé ìjọsìn, a yà sọ́wọ́ òsì, ẹnu ọ̀nà oko kejì, lábẹ́ igi méjì tó súnra. Ó ní ìṣísẹ̀ òun ò tó ogún sí ẹnu ọ̀nà náà. Bàbá fún un ní pẹ́ńsù, ó sì fi àmì kékeré kan sí ibẹ̀, ó kọ ọjọ́ Sátidé náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.